Èèkù Ọ̀bẹ Tí Mo Ṣe fún Lindsay

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ kà á tán ná, kí ẹ lè mọ irú èébú tó yẹ mí, nítorí ó ju ẹyọ kan lọ.

Clive Pybus ni orúkọ mi. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí, mo ti fẹ̀yìntì, àfonífojì Huon ní erékùṣù Tasmania ní Australia ni mo sì ń gbé. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo máa ń lọ sí Ṣọ́ọ̀bù Àwọn Ọkùnrin, níbi tí àwa àgbààgbà tí ìyàwó wa ò fẹ́ rí nínú ilé lọ́sàn-án ti ń fá pákó, tí a ń lọ irin, tí a sì ń mu tíì. Ọ̀gá Ọlọ́bẹ ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀. Èmi ni mo fún ara mi lórúkọ yẹn, àmọ́ wọ́n ti ń pè é.

Ọ̀rẹ́ mi ni Lindsay Skeggs. Títì kan ló là wá láàrin, ogójì ọdún la sì fi jẹ́ aládùúgbò. Òun àti Verna ìyàwó rẹ̀ ò bímọ. Nígbà tí Verna kú, ohun tó fi sílẹ̀ fún Lindsay ni igi ápù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn lọ́dún tí wọ́n ṣègbéyàwó.

Ìjì wó igi náà lásìkò tí Lindsay wà ní ọsibítù ní Hobart, tí wọ́n ń tún eegun ìbàdí rẹ̀ ṣe. Igi náà dábùú títì. Àwọn òṣìṣẹ́ kánsù kó ayùn oníná dé, wọ́n ń gé e, wọ́n ń jù ú sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń rún igi. Mo sáré jáde sínú òjò tòun ti aṣọ ìsùn, mo sì já ìtì kan gbà lọ́wọ́ wọn, ó nípọn tó itan mi. Mo fi ọ̀dà funfun kun ojú rẹ̀ méjèèjì lójú ẹsẹ̀ kó má baà là, bí àwa tá a mọ igi ṣe máa ń ṣe.

Ẹ rí i? Mo ti ṣe dáadáa rí. Ẹ bá mi fi sọ́kàn, torí kò sí òmíràn mọ́ nínú ìtàn yìí.

Nígbà tí Lindsay fi ọ̀pá rìn dé, ó wo ihò ilẹ̀ tó wà níbi tí igi wà. Mo gbé ìtì náà fún un, ó sì gbá a mọ́ àyà.

"Gbogbo ohun tó kù nìyí?"

"Òun náà nìyẹn, Lindsay. Ẹ̀rọ ti jẹ ìyókù."

"Bá mi tọ́jú ẹ̀, ìwọ lo mọ tigi. Wọ́n ní ápù máa ń gba tó ọdún méjì kó tó gbẹ. Tó bá ti gbẹ, kó o fi ṣe nǹkan kan fún mi. Ohunkóhun. Mi ò kánjú."

Òun ò kánjú. Èmi ni mo kánjú.

Lindsay máa pé ọdún márùndínlọ́gọ́rin ní oṣù kẹjọ. Mo ti rí ọjọ́ náà nínú ọkàn mi: gbogbo ṣọ́ọ̀bù pé jọ, mo fa ọ̀bẹ yọ nínú àkọ̀, èèkù rẹ̀ jẹ́ igi Verna, wọ́n pàtẹ́wọ́, àwọn kan ń nu ojú. Mo tiẹ̀ ti mọ ohun tí màá sọ tí wọ́n bá ní kí n sọ̀rọ̀. "Kò tó nǹkan," ni màá wí, màá sì wolẹ̀. Ta ló fẹ́ dúró di ọdún méjì kó tó wolẹ̀ báyẹn? Igi náà ò tíì lo oṣù mẹ́rin.

Irin ọ̀bẹ ò yọ mí lẹ́nu. Mo gé sìpíríǹgì ọkọ̀ Láńdírófà àtijọ́ kan, mo fi sínú iná títí ó fi pọ́n, mo lù ú, mo rì í bọ epo, ó dún ṣìì, kò là, kò sì tẹ̀. Lẹ́yìn tí mo pọ́n ọn tán, ó ń fá irun apá mi. Ká ní mo mọ̀wọ̀n ara mi ni, ǹ bá dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Ọgbọ́n kan wà tí gbogbo wa mọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún ìyàwó rẹ̀. Tí èèyàn bá fẹ́ kí igi kékeré gbẹ kíákíá, yóò gbé e sínú máíkíróweefù, yóò fún un ní ìṣẹ́jú kan, yóò jẹ́ kó tutù, yóò tún fún un ní ìṣẹ́jú kan. Ó máa ń ṣiṣẹ́ fún igi tó gbọ́ràn. Ápù kì í gbọ́ràn. Kódà tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́, ó máa ń là. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti kọ́ àwọn ẹlòmíì bẹ́ẹ̀ rí, mo sì gba oríyìn fún un.

Mo la ìtì náà. Ó ti bàjẹ́ láwọn ibì kan, kò sì ju ègé igi kéékèèké mẹ́ta tó ṣeé lò tí mo rí yọ lọ. Ros ìyàwó mi ti lọ ra nǹkan lọ́jà. Olóye ènìyàn yóò fi ọ̀kan dán an wò ná. Ọ̀gá Ọlọ́bẹ kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ó fún wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́fà, ó sì lọ gbé fóònù.

Nígbà tí mo padà dé, ilé ìdáná ti kún fún èéfín. Igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti là kiri, inú wọn ti dúdú. Ibi tí mo ti ń fi tówẹ̀lì lé èéfín ni Ros wọlé bá mi.

"Clive, kí lò ń sè nínú ẹ̀rọ mi?"

"Igi ni."

"Igi wo?"

Ó wo inú ẹ̀rọ, ó wò mí, ó sì gbé àpò ọjà rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Má sọ fún mi pé igi Verna nìyẹn."

"Mi ò tíì sọ ọ́."

"Dìde, kó o sọdá títì, kó o lọ sọ fún un nísinsìnyí."

"Màá sọ fún un. Jẹ́ kí ọjọ́ ìbí ẹ̀ kọjá ná. Ṣé kí n ba ọjọ́ ìbí bàbá arúgbó jẹ́ ni?"

"Tó o bá sọ ọ́ lónìí, àṣìṣe ni. Tó bá dẹ̀yìn ọjọ́ ìbí, irọ́ ni. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n."

Èmi ọlọ́gbọ́n, mo ṣí ìwé igi mi. Ìwé ní inú igi ápù máa ń pupa rẹ́súrẹ́sú. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo tú páálí tí a ń kó àjẹkù igi sí, mo sì rí igi mirtili kan níbẹ̀, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó gbẹ, ó dán. Mirtili ò ṣọ̀wọ́n níbí. Òun ni gbogbo wa fi ń dáná lásìkò òtútù. Mo fi í ṣe èèkù. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan: ó rẹwà gan-an.

Ó wá ku àwọn ẹ̀rí. Ọkùnrin mìíràn ì bá rì wọ́n mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, mo dáná sẹ́yìnkùlé láti yan sọ́séèjì, mo sì kó gbogbo rẹ̀ síná, èyí tó là àti ìyókù ìtì náà. Mo ti gbàgbé pé gbogbo Sunday ni Lindsay máa ń yà sílé wa tó bá ti ibojì Verna dé.

Ó wọlé, ó fa afẹ́fẹ́ símú.

"Clive, kí lo kó síná lónìí? Ó ń ta sánsán."

"Igi lásán ni, jàre."

"Igi lásán kọ́ o. Bu sọ́séèjì kan sí i fún mi."

Márùn-ún ló jẹ lọ́jọ́ náà. Kì í jẹ ju méjì lọ. Ros dìde nídìí oúnjẹ, ó ní orí ń fọ́ òun.

Ọjọ́ ìbí pé. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pé jọ bí mo ṣe rò ó. Lindsay fa ọ̀bẹ yọ, ó wo irin rẹ̀ fìrí, ó sì di èèkù mú. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Ó wá gbé e símú.

"Ṣé Verna nìyí?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, àyè ìjẹ́wọ́ nìyẹn. Gbogbo ilé dákẹ́ fún mi. Ros ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́ kẹ́ẹ̀kì. Mo sì la ẹnu mi yìí, mo ní:

"Bí kì í bá ṣe òun, ta ni ì bá tún jẹ́?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn kan nu ojú. Lindsay wá gbogbo àpò rẹ̀ títí ó fi rí owó ẹyọ sẹ́ńtì márùn-ún, ó sì fi lé mi lọ́wọ́, nítorí lọ́dọ̀ wa, ẹni tí wọ́n bá fún lọ́bẹ gbọ́dọ̀ san nǹkan kan kí ọ̀bẹ má baà gé ọ̀rẹ́ wọn. Mo gbà á. Mo ní, "Kò tó nǹkan," mo sì wolẹ̀. Ó rí gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rò ó gan-an.

Mo rò pé Lindsay máa gbé ọ̀bẹ náà sórí pẹpẹ, kí eruku máa bò ó. Rárá o. Ó so ó mọ́ bẹ́líìtì. Òun ló fi ń ge búrẹ́dì, òun ló fi ń la ẹja. Tó bá jókòó sí ilé ọtí, á gbé e sórí tábìlì níwájú rẹ̀, á ní kí ẹni tó bá kọjá fọwọ́ kan èèkù rẹ̀. "Ìyàwó mi nìyẹn," á wí. "Ẹ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́."

Sunday kan, mo rí i pé kò jáde.

"O ò lọ síbojì lónìí?"

Ó lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí ọ̀bẹ wà, ó rẹ́rìn-ín.

"Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Ṣebí òun rèé. Àwa méjèèjì la jọ sùn jọ jí. Clive, o ò mọ ohun tó o ṣe fún mi."

Mo mọ̀ ọ́n. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Ọkùnrin yìí ti pa ibojì ìyàwó rẹ̀ tì, ó wá ń bá igi ìdáná sọ̀rọ̀. Mo wọlé, mo ní mo fẹ́ sọ fún un. Ros ní, "Ó ku kó o sọ ọ́." Mo ní ó di ọ̀la. Ọ̀la ọ̀hún gùn.

Ní oṣù kọkànlá, ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Ṣóò ọdọọdún bẹ̀rẹ̀, ìpàtẹ tí àwa ará àdúgbò ti ń fi màlúù, kẹ́ẹ̀kì àti iṣẹ́ ọwọ́ díje. Lindsay sọdá títì pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Mo ti fi orúkọ ẹ sílẹ̀."

"Síbo?"

"Sí Ṣóò, abala iṣẹ́ ọwọ́. Mo ti gbé ọ̀bẹ fún wọn. Ìwọ ń tijú, èmi ò tijú fún ẹ."

"Lindsay, ìyẹn ò yẹ. Nǹkan ìrántí lèyí, kì í ṣe ohun tí a fi ń díje. Jẹ́ kí n lọ gbà á padà, kí n tiẹ̀ bá ẹ dán an díẹ̀ sí i."

"Gba kí ni padà? Ó dán jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti kọ ìtàn ẹ̀ sórí káàdì."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lágbára tó bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́ta ló lò.

Ẹni tó ń ṣe ìdájọ́ iṣẹ́ igi àti ọ̀bẹ ni Ìyáàfin Glenys Direen. Ogójì ọdún ni obìnrin yìí fi ṣiṣẹ́ nílé ìlagi. Ẹ máa rántí pé mirtili ni gbogbo wa fi ń dáná.

Nígbà tí a dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Ṣóò, ọ̀bẹ wà láàrin tábìlì, ríbọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń dá ẹni tó yege mọ̀ ò sí lára rẹ̀. Káàdì Lindsay wà níbẹ̀: "Èèkù: igi ápù tí Verna Skeggs gbìn." Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi bírò pupa kọ ọ́ sí: "Iṣẹ́ tó dára púpọ̀. Igi kì í ṣe ápù. A yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje."

Lindsay kà á. Ó tún un kà. Ó wá pariwo débi pé àwọn tó ń to kẹ́ẹ̀kì lápá kejì yíjú.

"Ta ló kọ ìkọkúkọ yìí?"

Ìyáàfin Direen súnmọ́ wa, ó fi ọwọ́ lé gíláàsì ojú rẹ̀.

"Èmi ni, Ọ̀gbẹ́ni Skeggs. Ẹ má bínú. Ọ̀bẹ yẹn dáa. Igi ẹ̀ ni ò bá ohun tẹ́ ẹ kọ mu."

"Ẹ ń sọ pé mi ò mọ igi ìyàwó mi?"

"Ohun tí mo rí ni mo kọ, sà. Mirtili ni."

"Mirtili kẹ̀! Ìyàwó mi ló gbìn ín! Ojú mi ló ṣe gbìn ín! Ọ̀rẹ́ mi ló fọwọ́ ara ẹ̀ gbẹ́ ẹ! Ojú ẹ ló fọ́, Glenys. Ó ti yẹ kí wọ́n ti gbàṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ tipẹ́. O wá fojú fífọ́ bú òkú ìyàwó mi lójú ayé!"

Obìnrin náà wo ọ̀bẹ, ó wá gbé ojú wò mí. Ó wò mí tó bí ìgbà tí èèyàn fi ń ka ojú ewé ìwé kan. Mo mọ̀ pé ó ti mọ̀.

"Ó lè jẹ́ pé mo ṣì í wò, Ọ̀gbẹ́ni Skeggs," ó wí jẹ́ẹ́. "Mo ti ń dàgbà. Ẹ jẹ́ ká bi ẹni tó ṣe é."

Ẹ wo obìnrin. Ó ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi. Tí mo bá ní "Ápù ni," ó máa gbà, ó máa gbé èébú afọ́jú lọ sílé, wọ́n á sì fi ríbọ́ọ̀nù búlúù ti ipò kìíní kọ́ èèkù mi. Mo máa purọ́ tí mo bá sọ fún yín pé mi ò rò ó. Mo rò ó dáadáa.

"Sọ fún un, Clive!" Lindsay dì mí lápá mú. "Sọ fún un!"

Orúkọ mi nìkan ni Ros pè. "Clive."

"Mirtili ni," mo wí.

"Kí lo sọ?"

"Mirtili ni, Lindsay. Inú páálí àjẹkù igi ní ṣọ́ọ̀bù ni mo ti mú un."

Ó ṣì di apá mi mú. "Tí Verna ńkọ́?"

"Ó là. Mo kánjú. Mo gbé e sínú máíkíróweefù."

"Ó là. Ó dáa. Igi máa ń là. Níbo làwọn èyí tó là wà?"

Mo wo Ros. Ilẹ̀ ni Ros ń wò.

"Mo fi dáná ni. Lọ́jọ́ Sunday yẹn. Ọjọ́ sọ́séèjì."

Mo rí i bó ṣe ń rántí.

"Mo jẹ mẹ́rin," ó wí.

Márùn-ún ni, àmọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo mọ ìgbà tó yẹ kí n dákẹ́.

Lindsay tú apá mi sílẹ̀. Ó ṣí àkẹtẹ̀ rẹ̀, ó yíjú sí Ìyáàfin Direen. "Ẹ dárí jì mí, màdáámù. Ojú yín dá ṣáṣá." Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sì gba àárín àwọn màlúù tó wá fún ìdíje jáde. Kò wẹ̀yìn. Ìtìjú pa mí débi pé mi ò lè tẹ̀ lé e.

Wọ́n ní kí ẹni tó bá kọ irú ìtàn yìí fi ẹ̀kọ́ sí i. Ó dáa, ẹ má gbé igi ápù sínú máíkíróweefù. Tí ẹ bá tún ń wá ẹ̀kọ́ mìíràn, ẹ bi ìyàwó mi, ó ní púpọ̀ nílẹ̀, ọ̀fẹ́ ló sì ń fún mi láràárọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Lindsay ò fi wá sí ṣọ́ọ̀bù. Láti ojú fèrèsé wa, mo ń rí i tó ń mú òdòdó lọ síbojì, kì í ṣe Sunday nìkan mọ́, ojoojúmọ́ ni, bí ẹni tó jẹ Verna ní gbèsè àbẹ̀wò. Mo kọ lẹ́tà méjì sí i, mo fà wọ́n ya. Méjèèjì ló ń dún bí ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ wolẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó kan ilẹ̀kùn. Ros ṣí i fún un, ó sì fi àwa méjèèjì sílẹ̀ wọ yàrá lọ. Lindsay ò jókòó.

"Mi ò wá jà."

"Jókòó, jẹ́ kí n po tíì fún ẹ. Lindsay, mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́..."

"Má bẹ̀ mí. Mi ò mu tíì. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá. Dá mi lóhùn, kí n máa lọ."

"Bi mí."

"Inú ẹ̀. Báwo ló ṣe rí?"

"Inú kí ni?"

"Inú igi yẹn. Láti ọjọ́ tá a ti ṣègbéyàwó ni mo ti ń wo ẹ̀yìn ẹ̀, kò sí kókó ara ẹ̀ tí mi ò mọ̀. Mi ò sí nílé nígbà tí wọ́n gé e. O ti fi ọ̀dà bo ojú ẹ̀ kí n tó dé. Nínú gbogbo ayé, ìwọ nìkan lo la inú ẹ̀. Àwọ̀ wo ló ní? Ṣé ó ní ìlà? Sọ ọ́ fún mi kí n lè gbọ́."

Ìdáhùn ti wà lórí ahọ́n mi. Ó pupa bí oyin, Lindsay, ìlà tín-ín-rín kan sì wà láàrin rẹ̀. Ì bá dùn mọ́ ọn. Ǹ bá sì tún gba oríyìn.

Mo wá a nínú orí mi. Mo rí ìlà pẹ́ńsù tí mo fà kí n má baà gé e wọ́. Mo rí aago ògiri. Mo rí àwọn tó ń pàtẹ́wọ́. Mi ò rí igi.

"Mi ò wò ó," mo wí. "Mo là á, mi ò sì wò ó."

Ó mi orí díẹ̀. Mo rò pé ó máa yípadà kó máa lọ. Kò lọ. Ó dúró síbẹ̀, ó di àkẹtẹ̀ rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń wo ẹnu mi, bóyá màá rántí.